Rolls-Royce Tó Ń Ká Òrùlé Rẹ̀ Kò

Bí ẹ bá dúró níwájú Rolls-Royce Phantom Drophead Coupé, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ojú yín yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe ni mò ń sọ, nítorí pé òun ló gbé èrò àwọn tó ya ọkọ̀ náà yọ jù. Wọn ò kùn ún lọ́dà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ha ojú irin náà títí ó fi ní ilà wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ fi ọwọ́ dán an kí dídán rẹ̀ lè dọ́gba níbi gbogbo. Irin kan náà ló gun òpó gíláàsì iwájú lọ sókè, tó sì yí gíláàsì náà ká. Ní ṣóńṣó imú ọkọ̀ ni ère obìnrin tí Charles Sykes ṣe fún Rolls-Royce lọ́dún 1911 wà, ó tẹ̀ síwájú, atẹ́gùn ń gbé aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Kódà àárín táyà ò gbẹ́yìn: bí táyà ti ń yí, lẹ́tà R méjì tó wà láàárín rẹ̀ dúró ṣánṣán, kì í dorí kodò.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń yà á, àwọn ọkọ̀ ńlá onígbòkun tí wọ́n ń pè ní J-class, tí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń bára wọn díje lórí òkun láàárín ọdún 1930 sí 1937. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ẹ ó rí i. Pákó tíìkì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tò ó sí ojú ọkọ̀ onígbòkun, ló bo ibi tí òrùlé ń wọ̀ sí. Òróró tí wọ́n pò pọ̀ ni wọ́n fi ń pa á kí òjò àti oòrùn má bà á jẹ́.

Ọdún 2004 ni ayé kọ́kọ́ rí i, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva. 100EX ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, torí ọdún yẹn ló pé 100 ọdún tí Charles Rolls àti Henry Royce pàdé ní Manchester. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 16, tó jẹ́ lítà 9, ni wọ́n kì sínú rẹ̀. Ọkọ̀ àfihàn ni. Nígbà tí èyí tí wọ́n máa tà jáde lọ́dún 2007, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12 tó jẹ́ lítà 6.75 ti rọ́pò ti àkọ́kọ́, àmọ́ ìrísí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà nìyí. Òrùlé irin kì í ṣe fún òjò àti oòrùn nìkan. Òun ló so iwájú ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn láti òkè. Bí ẹ bá gé e kúrò, tí ẹ ò sì ṣe nǹkan mìíràn, ara ọkọ̀ á máa lọ́ bó bá ti kó sí gegele, gíláàsì á máa gbọ̀n, ìlẹ̀kùn á máa han. Ọkọ̀ yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ lọ, ẹni tó sì rà á ò ní gbà kí ó dún rárá. Ṣáàsì rẹ̀ jẹ́ ti alumíníọ́mù, irú ti Phantom onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ní Jámánì, lọ́dọ̀ BMW tó ni ilé iṣẹ́ Rolls-Royce, ni wọ́n ti ń jó o pọ̀, kí wọ́n tó gbé e wá sí Goodwood, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti parí rẹ̀. Wọ́n gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 kúrò láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé agbára tí òrùlé kó lọ fún òpó gíláàsì iwájú. Ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kùn fi ṣí sí òdìkejì. Ẹ̀yìn ni àgbékọ́ rẹ̀ wà, iwájú ló ti ń ṣí. Nítorí pé kò sí àgbékọ́ ìlẹ̀kùn lára òpó iwájú, ó ṣeé ṣe fún wọn láti ṣe é ní odindi, kó nípọn, kó sì le. Ìlẹ̀kùn yìí làwọn èèyàn máa ń yà ní fọ́tò jù, wọ́n ń rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Lójú tèmi, òun ni ọgbọ́n tó ga jù lọ nínú gbogbo ọkọ̀ náà: ohun tó mú un lẹ́wà ni ohun tó mú un lágbára, ẹ ò lè yọ ọ̀kan kí èkejì dúró. Ẹni tó jókòó ò sì ní nawọ́ kó tó ìlẹ̀kùn ńlá bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì ni yóò tẹ̀ kó lè pa dé.

Aṣọ ni wọ́n fi ṣe òrùlé, ìpele márùn-ún ni. Àwọn mìíràn láyé ìgbà yẹn ti ń fi irin ṣe é, èyí tó máa ń ká kò sínú búùtù, tó sì ń gba gbogbo àyè ibẹ̀. Ian Cameron, olórí àwọn ayàwòrán ní Goodwood, àtàwọn èèyàn rẹ̀ dúró lórí aṣọ, mo sì gbà pé wọ́n ṣe é re. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní kí wọ́n fi kaṣimíà tẹ́ inú rẹ̀. Búùtù pín sí méjì, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wó sílẹ̀ di ìjókòó tí àgbàlagbà méjì lè jókòó lé.

Ní alẹ́ ìparí ìdíje Òlíḿpíìkì ní London, oṣù kẹjọ ọdún 2012, irú ọkọ̀ yìí mẹ́ta wọ pápá ìṣeré pẹ̀lú òrùlé ṣíṣí. Àwọn akọrin Jessie J, Tinie Tempah àti Taio Cruz ni wọ́n gbé.

Ọdún 2016 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é. Rolls-Royce Dawn tó dé nígbà náà kéré sí i, ṣùgbọ́n òrùlé aṣọ ló ní, ìlẹ̀kùn rẹ̀ náà sì ń ṣí láti iwájú.