Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1977: ijó l'Ékòó, ìbọn ní Kútọnu

Ọ̀rọ̀ ìtàn la gbé wá lónìí. Oṣù mẹ́ta péré ni, láti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ dé Ẹrẹ́nà ọdún 1977. Wọn ò tíì bí wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ la dàgbà sí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ṣí FESTAC l'Ékòó. Èèyàn dúdú péjọ láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Gilberto Gil wá láti Brazil, Stevie Wonder wá láti Amẹ́ríkà. Ojú Ìyá Ọba Idia tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó o lọ nígbà ogun 1897, British Museum sì kọ̀ láti yá Nàìjíríà. Ẹni tó ni ẹrù ló wá ń tọrọ rẹ̀ yá!

Tí a bá kọ́ àwọn ọmọ ní èyí ní kíláàsì, wọ́n á ní: "Mùṣé, ṣé Bẹ̀nẹ̀ tiwa nìyẹn?" Rárá o. Ìbíní ti Nàìjíríà ni. Dahomey ni tiwa ń jẹ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù Bélú 1975, tí Kérékou yí i padà.

Ọjọ́ kejì tí FESTAC bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú, ní àárọ̀, ọkọ̀ òfurufú DC-7 kan balẹ̀ ní Kútọnu. Àwọn jagunjagun alágbàṣe ló kó wá, Bob Denard, ọmọ Faransé, sì ni olórí wọn. Wọ́n fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Kérékou. Ìbọn dún fún wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n wọn ò rí i gbà. Wọ́n sá padà sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n gbàgbé ẹnì kan nínú wọn àti àpótí ìwé sílẹ̀. Ìwé yẹn ló tú wọn fó. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn aṣèwádìí wá. Wọ́n rí i pé Morocco ni wọ́n ti kọ́ àwọn èèyàn náà, Gàbọ́ọ̀nù ni wọ́n sì gbà wá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Kétu ni bàbá wa wà lọ́jọ́ náà, nídìí rédíò. Àbúrò ìyá wa ń ṣòwò aṣọ l'Ékòó. Nígbà tó padà wálé, ó ń sọ ti ijó, bàbá wa ń sọ ti ìbọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bùrọ̀dá ní irọ́ ni, pé gbogbo èèyàn dúdú ayé ló ń ṣe ọ̀kan l'Ékòó, ta ni yóò yìnbọn lu ta ni? Bẹ́ẹ̀, Èkó sí Kútọnu kò ju nǹkan bíi kìlómítà 120 lọ. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ayé kò sì dúró. Ọjọ́ 20, Carter búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 23, tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Roots hàn, ìtàn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Èrèlé, wọ́n pa Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Luwum ní Ùgáńdà. Ní ọjọ́ 18 Ẹrẹ́nà, wọ́n pa ààrẹ Ngouabi ní Brazzaville. Ní ọjọ́ 27, ọkọ̀ òfurufú méjì kọlu ara wọn ní Tenerife, èèyàn 583 kú.

Ní 1993, ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá Denard lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni, ṣùgbọ́n wọ́n so ó rọ̀. Ọdún 2007 ló kú.

Ẹ̀yin ará wa, ìwé àwọn tó wá pa wá ṣì wà. Ìwé ti àwọn tó fara pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Àìkú yẹn dà? Èdè Faransé la fi kọ́ ìwọ̀nba tí a mọ̀ ní lékóòlì. Bàbá wa ti lọ, bùrọ̀dá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Bí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n ní alẹ́ òní ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn.