Ohùn Ìyá Àgbà Jáde ní Ilé Ìdáná

Aklampa, ní agbègbè Glazoué, ni a wà. Ọ̀rọ̀ sípíkà la mú wá lónìí, èyí tí àwa níbí ń pè ní báfù. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Nígbà tí ó pé ọdún kan tí Ìyá àgbà wa papòdà, a fẹ́ ṣe ìrántí wọn. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ wa tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ki oríkì ilé wa, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ní Ìdáàṣà pọ́ńbélé. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Mahi ní ìta, Faransé ni wọ́n sì fi ń kàwé, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe nǹkan eré. Ó ti ń gbó, la bá da ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà kó tó já mọ́ wa lọ́wọ́.

Bàbá wa, àbúrò Ìyá, wá láti Ṣakí. Etí wọn ti wúwo. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó padà." Nítorí tiwọn la ṣe yá báfù ńlá méjì.

Alẹ́ lẹ́, èrò pé, a ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà, a tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ báfù lẹ́nu. Ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn wá pé ohùn ń lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan. A pààrọ̀ wáyà, a yí ohùn sókè dé òpin, òfo ni. Ẹni tó ni báfù ní kí òun kúkú fi orin tòun sí i, èrò ti ń dúró. Bàbá jókòó síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá etí mú.

Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ṣe sáré jáde: "Ẹ gbà mí o! Ìyá ń sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná!"

Àwọn kan ti dìde láti sá. Nígbà tí a wọlé, báfù kékeré alái-ní-wáyà kan ló wà lórí apẹ̀rẹ̀ iṣu, tí Ìyá ń ki oríkì lọ ràì nínú rẹ̀. Ọ̀sán yẹn la ti fi Bluetooth so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti yẹ ohùn náà wò, a sì gbàgbé láti tú u. Bluetooth lè dé nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ilé ìdáná kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà. Kíki wáyà bọ̀ ọ́ nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tí ó máa gbà jáde fún un. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, àwòrán sípíkà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ la tẹ̀, a yan báfù tó ní wáyà, a sì pa Bluetooth.

Ohùn jáde lóòótọ́, àmọ́ ariwo "hùùù" kan bá a jáde. A yọ wáyà tó ń gba iná sínú kọ̀ǹpútà láti ara gúrúùpù, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní jẹnẹrétọ̀. A fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó máa lo iná inú bátìrì rẹ̀, ariwo náà sì dákẹ́.

Ìyá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ki oríkì, wọ́n ka orúkọ. Wọ́n dé orí orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, tí a rò tẹ́lẹ̀ pé ara oríkì ni. Bàbá gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ dá a dúró." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ìyá àwọn ni, tó kú ní kékeré, àti pé láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ náà mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní a ti gbà kí wọ́n fi orin sí i ni, orúkọ yẹn ì bá bá Bàbá padà sí Ṣakí.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí èrò tó dé. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ ti orí tábìlì tó ní ihò aláwọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn, ihò aláwọ̀ ewé ni ti báfù. Èyí tó pọ́n rẹ́sú-rẹ́sú, ti máíkì ni. Ẹnu wáyà tinínrín ni ti kọ̀ǹpútà, báfù ńlá sì sábà máa ń gba èyí tó sanra, nítorí náà ẹ wá wáyà tó ní ẹnu méjèèjì. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ẹ tó tan báfù; bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n, báfù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kó má baà dún gbàù.

Bí kásẹ́ẹ̀tì àgbà bá ṣì wà nínú àpótí yín, ẹ tètè dà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó mọ orúkọ inú rẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ṣakí, kí ni ẹ̀yin ń pe báfù lọ́dọ̀ yín?