Kí Ni Kọ̀ǹpútà Olówó Gọbọi Yóò Ṣe Fún Wa Ní Ìjagun?

₦1,600,000 ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ń bèèrè lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan tó gbé bọ̀. Iye tí èmi àti ìyàwó mi kó nínú àjọ kò jìnnà sí èyí, a sì ti mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe kí ó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́: bátìrì tuntun àti sólà fún ilé tí a ń gbé ní Ìjagun. Ọ̀rẹ́ mi fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá láti yẹ ẹ̀rọ náà wò kí ó tó padà. Ó ní, "Ẹ lò ó bí ẹni pé tiyín ni. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo mọ ẹni tí yóò rà á ní Ìkẹjà."

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe jẹun. Mo máa ń ya ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n Ojúde Ọba ni olórí iṣẹ́ mi lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́, tí àwọn ìdílé Balógun gun ẹṣin wọlé, àwòrán tí kámẹ́rà mi ń gbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo máa ń gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láti tò. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àbúrò mi ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ Tai Solarin, tí a ń pè ní TASUED tẹ́lẹ̀, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Òun ni ọ̀gá géèmù nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà kì í jókòó wò ó lásán.

Ẹni tó bá mọ Ìjagun yóò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan àjèjì níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá TASUED sílẹ̀ ní ọdún 2005 ni ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i, tí àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pọ̀ sí i bákan náà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni iná tí kọ̀ǹpútà yóò jẹ.

Mo ka àyẹ̀wò tí àwọn òyìnbó ṣe lórí irú ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, wọ́n sì sọ bí ó ṣe yára tó àti bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n yàrá tútù ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, lórí iná tí kì í lọ. Àwa kò ní méjèèjì, nítorí náà mo ra mítà kékeré kan tí a ń kì bọ ihò iná, tí ó ń sọ iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ, mo sì tún àyẹ̀wò náà ṣe fúnra mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí mọ̀ ni pé orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. RTX 4060 ni wọ́n kọ sára èyí. NVIDIA fún àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù láyè láti fún ẹ̀yà yìí ní iná láti orí 35 wáàtì dé 115. Nítorí náà, ẹ̀rọ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí oúnjẹ wọn má dọ́gba rárá. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi gbé wá nípọn, ṣájà rẹ̀ tó bíríkì, 230 wáàtì ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ó ń jẹun, ó sì ń ṣiṣẹ́: fídíò ìgbéyàwó tí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mi máa ń fi òru mọ́jú ṣe, ogún ìṣẹ́jú ló fi parí rẹ̀. Mo jókòó tì í, ẹnu yà mí.

Lẹ́yìn náà ni mo wo mítà. Nígbà tí ìyàwó mi ń tẹ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, 25 wáàtì péré ni. Nígbà tí àbúrò mi ń ta géèmù, 200 ni. Wákàtí géèmù kan ń jẹ iná tí ìyàwó mi yóò fi tẹ̀wé fún wákàtí mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò yìí dé orí inverter wa. Bátìrì alásíìdì kan ló gbé e dúró, 12 fóòtì, 220 Ah. Lórí ìwé, èyí jẹ́ 2,640 wáàtì fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ kí bátìrì alásíìdì tètè kú kò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, inverter fúnra rẹ̀ yóò sì mú ìpín tirẹ̀. Ohun tó kù kò ju nǹkan bí 1,100 lọ. Géèmù nìkan yóò gbé e mì láàárín wákàtí márùn-ún ààbọ̀, láìsí fáànù, láìsí gílóòbù kan. Ìwé títẹ̀ yóò lò ó fún ohun tó ju ogójì wákàtí lọ.

Bí iná ọba bá wà, ọ̀rọ̀ kò le. Nígbà tí ìjọba fi owó kún iná Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni ìwọ̀n iná kan di, wákàtí géèmù kan kò sì ní ju ₦45 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí ogún fún lójúmọ́. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ ní iye, kò sì tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" lè gbé ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni yóò fi epo ta bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà?

Ẹlòmíràn lè ní, ṣebí láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀. Ó ní i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í fẹ́ kí èrò gbé bátìrì tó ju 100 Wh lọ wọlé láìgbàṣẹ, nítorí náà bátìrì láptọ́ọ̀pù kì í kọjá ibẹ̀. Ti ẹ̀rọ yìí jẹ́ 80. Nígbà tí mo yọ ṣájà, géèmù kò ṣe ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ, kò sì pé ju wákàtí kan tí ó fi kú. Fún iṣẹ́ ìwé, ó dúró fún wákàtí mẹ́fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ má sanwó láìṣe èyí: ẹ ṣí Command Prompt nínú Windows, ẹ tẹ *powercfg /batteryreport*. Yóò kọ ìwé kan fún yín tí ó ń sọ iye tí bátìrì lè gbà nígbà tó jẹ́ tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Ti ọ̀rẹ́ mi ti bọ́ láti 80 sí 71. N kò bínú sí i, ṣùgbọ́n mo fi í hàn án.

Ooru wá ńkọ́? A ń pe ohun tó ń jẹ́ láptọ́ọ̀pù ní àgbélétan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé èyí lé itan nígbà géèmù yóò tètè gbé e kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí yàrá wa gbóná dé 33°C, inú rẹ̀ dé 95, ó sì dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ní alẹ́, lẹ́yìn òjò, ó sáré bí ó ti yẹ. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa tún wà níbẹ̀, tí fáànù rẹ̀ ń fà sínú. Igi méjì ni mo fi tẹ́ ẹ nídìí lórí tábìlì kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé.

Ìyàwó mi ní ìdí tirẹ̀ tó fi fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Tirẹ̀ ti gbó, Windows 10 ló ń lò, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà Intel tí kò tó ìran kẹjọ ni Windows 11 kò gbà, bẹ́ẹ̀ irú wọn ṣì ń bẹ káàkiri ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi, ó yan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Windows, ó sì ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìwá wọn kiri. Inú rẹ̀ dùn sí èyí ju gbogbo ohun tí mo sọ nípa RTX lọ.

Ní ti géèmù, kí n má purọ́, ó dùn. Àbúrò mi gba Red Dead Redemption 2 láti inú dírífù ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí 150 GB ni àyè tí wọ́n ní kó ní, kò sì sí ẹni tí yóò ra dátà bẹ́ẹ̀. Bí ẹṣin ṣe ń rìn, bí irun rẹ̀ ṣe ń fẹ́, a wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹṣin yìí dára o, ṣùgbọ́n wọn kò wọṣọ fún un bíi ti Ojúde Ọba."

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ìyàwó mi gba ìwé tí mo kọ àwọn wáàtì náà sí, ó kà á tán, ó ní, "Olówó orí mi, ṣé kọ̀ǹpútà ni ẹ fẹ́ rà, àbí ẹlòmíràn tí a ó máa bọ́ nínú ilé yìí?" Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi tí mo ń bọ̀ náà nìyẹn. Bí a bá kó gbogbo owó lé ẹ̀rọ yìí, kò ní sí iná tí yóò jẹ. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lé sólà, ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mi kò ní lè parí iṣẹ́ Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Mo wá èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, RTX 4060 náà ni, ṣùgbọ́n 60 wáàtì ni wọ́n fún un; ó ní àyè tí a lè fi kún RAM, a sì lè fi ṣájà USB-C kékeré gbà á níná nígbà tí a bá ń tẹ̀wé. Fídíò tí èkíní fi ogún ìṣẹ́jú ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni èyí fi ṣe é. ₦1,050,000 ni a rà á. Èyí tó ṣẹ́kù ra bátìrì lithium kan, 100 Ah, tí a lè lò dé ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀ láìpa á lára, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti alásíìdì ńlá wa. Pánẹ́ẹ̀lì di àjọ ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi gbé tirẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, ó sì tà á. Àbúrò mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá 60 wáàtì lè gbé EA Sports FC. Mo ní yóò gbé e, bí iná ọba bá ti wà.