Iná Ti Bá Wa Wọ Inú Ilé

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Àkúrẹ́, omi gbígbóná ni gbogbo wa ń wá, pàápàá ẹni tí ó bá ní ọmọ tuntun lọ́wọ́.

Ní Òǹdó, nílé ìyá ọkọ mi, ẹ̀yìnkùlé ni a ti máa ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Igi ni a fi ń dáná, atẹ́gùn a sì gbé èéfín lọ. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń háyà ní Àkúrẹ́, iná ti bá wa wọlé. Ìdí sítóòfù kò jìnnà sí ibi tí ọmọ ń sùn. Ewu méjì ni ó bá iná náà wọlé: ọ̀kan ń kéde ara rẹ̀, èkejì kì í kéde.

Èkíní ni gáàsì tí ń jò. Gáàsì ìdáná wa, propane àti butane, kò ní òórùn kan fúnra rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n fi òórùn sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, irú gáàsì mìíràn tí òun náà kò ní òórùn jò sábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà. Ó bú gbàmù. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ tí ó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Lẹ́yìn èyí ni Texas ṣòfin pé kí a máa fi òórùn burúkú sí gáàsì.

Nítorí náà, ìránṣẹ́ ni òórùn tí imú yín ń kọ̀ yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má ṣáná, ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí a fi ń tan iná mànàmáná tàbí tí a fi ń pa á. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì gbé ọmọ jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ọmọ ń rá ni ó ń rọ̀ sí. Nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ fi omi ọṣẹ pa ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ọn. Bí ó bá ń yọ ìfòfò, ó ń jò.

Èkejì ni carbon monoxide. Àwọn àgbà ní èéfín kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Èyí kò rú bí èéfín, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Iná èyíkéyìí tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó lè mú un jáde: èédú, jẹnẹrétọ̀, àní sítóòfù gáàsì pàápàá. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń sọ pé èédú tí ó ti pọ́n, tí èéfín rẹ̀ ti tán, kò léwu nínú yàrá. Irọ́ gbáà ni. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń sùn lè má jí mọ́. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde ná, kí ẹ tó wá oògùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ jẹ́ kí àdògán àti jẹnẹrétọ̀ wà níta, kí wọ́n jìnnà sí fèrèsé. Bí ẹ bá ń dáná nínú ilé, ẹ ṣí fèrèsé, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú. Ẹ fi aṣọ lé òtútù fún ọmọ; ẹ má fi èédú lé e.