Òfin Tí Kò Sí Nínú Ìwé Kan Ṣoṣo

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin ìpilẹ̀ tí a kó jọ sínú ìwé kan, kí wá ni adájọ́ wọn fi ń ká ìjọba lọ́wọ́ kò? Mo ní kí ó wo ọdún 2019.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Boris Johnson gba Ọbabìnrin Elizabeth níyànjú láti dá ìjókòó ilé aṣòfin dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún (ìdádúró ni o, kì í ṣe títúká), nígbà tí ọjọ́ àtikúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé ẹjọ́ London ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ti Edinburgh ní ó lòdì sófin. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, gbogbo adájọ́ 11 ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fẹnu kò pé àṣẹ náà kò bófin mu, pé bí ìwé òfìfo ló rí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aṣòfin ti padà sórí àga.

Lára ohun tí wọ́n gbé ara lé ni ìdájọ́ 1611, nígbà tí Edward Coke àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àṣẹ tí òfin ilẹ̀ fún ọba nìkan ló ní. Ó rán mi létí Ọ̀yọ́ Mèsì, tí kò di ìwé kankan mú kí Aláàfin tó gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìjòyè ni wọ́n, kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ní 2022, àwọn aṣòfin ṣe òfin pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ àṣẹ títú ilé aṣòfin ká wò. Ti ìdádúró ìjókòó kò sí níbẹ̀.