Kí Tọkọtaya Tó Lọ Jókòó Níwájú Aṣèwádìí

Lẹ́yìn ìpàdé tó kọjá ti àwa ọmọ Oòduà tí a fi New York ṣe ibùgbé, bí àwọn ìyá wa ti ń bu ìrẹsì tó ṣẹ́kù sínú ike, ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, tó fẹ́ ọmọbìnrin wa kan tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Bàbá, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò lórí ìwé ìgbélùú mi. Òtítọ́ la sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ tèmi àti ti ìyàwó mi kò bára mu.”

Àwọn aṣèwádìí ìjọba ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n sì bi olúkúlùkù ní ìbéèrè kan náà. Ta ló kọ́kọ́ jí láàárọ̀? Ọkọ ní òun kò sùn rárá, nítorí pé iṣẹ́ òru lòun ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyàwó ní ọkọ òun ni, nítorí pé orí ìdúró ló bá a nígbà tí òun lajú. Kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ àná? Ọkọ dárúkọ ẹ̀bà tó gbé lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó dárúkọ búrẹ́dì tó jẹ kó tó sùn. Apá ibo ni kálukú ń sùn sí lórí ibùsùn? Àwọn méjèèjì ló dáhùn pé àárín ni.

Yíyà tí wọ́n ya tọkọtaya sọ́tọ̀ báyìí kì í ṣe àṣà tuntun. Láti ọdún 1976, lẹ́yìn ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí Stokes, ni ìlànà ti wà ní New York lórí bí ìjọba yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ wá tọkọtaya tí wọ́n ń fura sí ìgbéyàwó wọn lẹ́nu wò, ẹjọ́ yẹn kan náà ló sì fún tọkọtaya lẹ́tọ̀ọ́ láti mú lọ́yà dání, kí wọ́n sì ṣàlàyé níbi tí ìdáhùn wọn bá ti takora. Mo sọ fún ọmọ wa pé kó má ṣe dákẹ́, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kó mú ìwé tó ń fi àkókò iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ hàn wá, kí gbogbo ayé lè rí i pé bí ọ̀kan ti ń wọlé ni èkejì ń jáde.

Ẹ̀yin tí ọjọ́ tiyín kò tí ì pé, ẹ tètè kó ìwé yín jọ. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó, àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bí ẹnìkan nínú yín bá ti fẹ́ ẹlòmíràn rí. Ẹ mú ìwé ilé tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú rẹ̀, ìwé báńkì tí ẹ jọ ní, ìwé owó orí tí ẹ jọ san, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti fọ́tò tí kì í ṣe ti ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan. Nínú fọ́ọ̀mù I-864 ni ìyàwó tàbí ọkọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń ṣèlérí pé òun yóò gbọ́ bùkátà ẹnìkejì òun, owó tó sì ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú 100 iye tí ìjọba fi ń díwọ̀n ìṣẹ́. Ẹ ka fọ́ọ̀mù I-485 tí ẹ fi tọrọ ìwé ìgbélùú lákàtúnkà, nítorí láti inú rẹ̀ ni aṣèwádìí yóò ti máa bi yín. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, tó tún ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìrìnnà, kó ti ṣe ìwé ìbúra sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ti búra tán níwájú aṣèwádìí, ẹ má ṣe dojú bolẹ̀ bí a ti ń ṣe níwájú àgbà nílé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì gbójú sílẹ̀ níbí yìí, wọ́n lè rò pé ó ń purọ́ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sá fún àwọn tó ń ta ìdáhùn láàárín wa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn kan ṣoṣo bí ẹni ń kọ́ wọn ní kátíkísìmù. Irọ́ ìbáà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1986 sọ pé ẹni tó bá torí ìwé ṣe ìgbéyàwó èké lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó $250,000, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn kan náà ló fà á tí ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tí ì pé ọdún 2 fi ń gba káàdì ìgbélùú ọdún 2 péré, tí tọkọtaya yóò sì tún kọ̀wé I-751 láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí káàdì náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n tún lè fi hàn pé àwọn ṣì jọ ń gbé. Irọ́ tí a rà lọ́dún yìí, ta ni yóò rántí rẹ̀ délẹ̀ nígbà náà?

N kò bá ìjọba jà pé wọ́n ń béèrè. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń fẹ́yàwó, alárinà a máa lọ, a máa bọ̀; wọn a wádìí àrùn ìdílé, wọn a wádìí gbèsè, wọn a wádìí ọ̀lẹ, wọn a tún bi Ifá léèrè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ìwádìí wọ̀nyẹn, ọkọ àti aya jọ ń gbé ni, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n sì jọ ń jí. Ohun tó ń bí mi nínú ni iṣẹ́ òru. A kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sì ń fi yín yangàn, nítorí ìyá arúgbó àwọn ẹlòmíràn ń bẹ lọ́wọ́ wa, à ń tọ́jú wọn bí ìyá tó bí wa. Síbẹ̀, iṣẹ́ òru ti gba ọkọ lọ́wọ́ aya, ó ti gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ. Òun ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá, òun ni kò jẹ́ kí ìpàdé wa kún, òun ló lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ni a fi kọ́ ilé ńláńlá sí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú tó jẹ́ pé alángbá ló ń gbé inú wọn. Àwa àgbà ni a sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí tọkọtaya yọ̀ǹda ó kéré tán alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ sùn, kí wọ́n mọ ara wọn kí aṣèwádìí tó bi wọ́n. Bí mo ti ń kọ èyí ni mo ń ro owó ilé, owó lọ́yà, àti ìyá tó ń retí owó oògùn lóṣooṣù. Ta ni yóò san owó alẹ́ méjì yẹn? Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sì wí pé òun kò rí ìgbéyàwó nínú ilé tí ẹni méjì kì í ti í sùn lẹ́ẹ̀kan náà, n ó sọ pé ó ṣì wí, nítorí mo mọ àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá gbogbo ẹnu ni n ó fi lè sọ ọ́.