Kí Ọyẹ́ Tó Dé Bá Adìyẹ Wa

Newcastle, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Oṣù Ọ̀wàrà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àwòrán ilé adìyẹ tí o fi ránṣẹ́, inú mi sì dùn gan-an. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣúpárè tó ti di igbó nígbà kan ló wá mọ́ tónítóní yẹn, tí ogójì adìyẹ ń jẹ̀ nínú rẹ̀. O ṣeun, o kú iṣẹ́.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé kí n fowó ránṣẹ́ kí o lè sọ ogójì di igba kí Kérésì tó dé. Lẹ́tà ni mo fi dá ọ lóhùn nítorí mo fẹ́ kí ìwọ àti ìyàwó wa jọ jókòó kà á, kí ẹ sì ka ibi tó kan Màmá sí wọn létí.

Má rà kún un lọ́dún yìí.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ń jẹ tó 120 gíráàmù oúnjẹ lójúmọ́. Ogójì adìyẹ á jẹ nǹkan bíi kílò 5, àpò oníkílò 25 kan á sì gbé wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Igba adìyẹ á jẹ kílò 24. Àpò kan lójúmọ́ nìyẹn, àti Sátidé àti Sọ́ńdè. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ yín bá gba ìsinmi lọ sílé, ẹyin á dúró nílẹ̀, oúnjẹ adìyẹ kò sì ní dúró.

Owó oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ọyẹ́ ló ti sún mọ́lé. O rántí bí adìyẹ Màmá ṣe máa ń kú nígbà tí a wà lọ́mọdé: ọrùn wọn á lọ́, wọn á máa yán, ìyẹ́ apá wọn á wọ́lẹ̀, wọn á máa ṣu ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, kí a sì tó mọ̀, àgò ti ṣófo. A máa ń sọ pé ọyẹ́ ló pa wọ́n. Àrùn lùkúlùkú ni. Agbègbè ìlú tí mo ń gbé yìí wà lára ibi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ pa adìyẹ tí àwọn onímọ̀ fi kíyè sí i, ní 1926. Onímọ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Doyle, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1927, orúkọ Newcastle yìí náà ni àwọn dókítà ẹran ṣì ń pè é. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, láàárín oṣù Ọ̀pẹ 1952 sí oṣù Èrèlé 1953. Wo àwọn oṣù yẹn dáadáa, àárín gbùngbùn ọyẹ́ ni. Bí ó bá ti wọlé, kò sí oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára tó bá ti wà lára adìyẹ kó tó dé ló lè gbà á.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, lọ bá dókítà ẹran ní Ìkàrẹ́, kí o béèrè àjẹsára Lasota fún àwọn adìyẹ tó wà nínú ilé, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Orí yìnyín ni kó ti jáde, orí yìnyín náà ni kó bá ọ dé Ṣúpárè. Bí ẹni tó ń tà á bá fa dúróà tábìlì yọ tó sì mú un níbẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o sì máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ni kí o ti gbéra. Bí o bá ti ń padà bọ̀, pe ìyàwó wa kó gbé omi wọn kúrò, kí òùngbẹ ti máa gbẹ wọ́n kí o tó dé. Omi kànga ni kí ẹ po àjẹsára náà mọ́, kì í ṣe omi tí wọ́n da kẹ́míkà sí. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan mílíkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sí lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí Izal kan ike tí ẹ máa bu omi náà sí. Láàárín wákàtí méjì, kí wọ́n ti mu ún tán.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló wá kù. Adìyẹ ìbílẹ̀ tiwọn ń jẹ̀ kiri dé ilé aládùúgbò, wọ́n ń wọ ibi tí a kò mọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà wá rìn yí ilé àwọn ogójì yẹn ká. Mo mọ̀ pé Màmá á ní adìyẹ àwọn kò gba abẹ́rẹ́ rí. Jọ̀ọ́, má bá wọn jiyàn. Àwọn ló kọ́ wa bí a ṣe ń mọ àgbébọ̀ tó fẹ́ sàba, àwọn ló kọ́ wa kí a da eérú sílẹ̀ kí adìyẹ fi wẹ̀ nítorí kòkòrò ara. Sọ fún wọn pé èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Àjẹsára kan wà tí Vom ń ṣe fún irú adìyẹ tiwọn gan-an, I-2 lorúkọ rẹ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ooru bíi Lasota. Ẹ̀kán kan péré ni wọ́n ń kán sí ojú adìyẹ kọ̀ọ̀kan. Lóru, nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọ àgò, kí Màmá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ, kí o máa kán an. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tún un ṣe.

Adìyẹ tí Màmá bá gbé lọ sọ́jà Ìkàrẹ́ tí kò tà, kó má ṣe padà tààrà sáàárín àwọn yòókù. Èyí tí ẹ bá rà fún Kérésì náà, ẹ so ó mọ́ iwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará ibí kò fi èyí ṣeré rárá. Láti 1 oṣù Ọ̀wàrà 2024, ẹni tó bá ní adìyẹ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí àrùn adìyẹ mìíràn gbòde, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo adìyẹ wà nínú ilé láti oṣù Bélú 2022 títí di oṣù Igbe 2023. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn lọ́dọ̀ wa, ẹ má sáré tà á, ẹ má sì jù ú sígbó. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò rà á, àgò ẹlòmíràn ni yóò sì kó sí. Bó bá kú, ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, kí ẹ sin ín.

Èyí tó kù yìí, fara balẹ̀ gbọ́ ọ. O sọ pé ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn wọn láàárọ̀, lónìí àkọ́bí rẹ, lọ́la ìwọ. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́ ló máa mọ̀ pé adìyẹ tó dá dúró sí kọ̀rọ̀ yẹn kò dúró síbẹ̀ lánàá, pé oúnjẹ àná ṣẹ́kù, pé ẹyin dín. Ẹni tó ń wọlé lọ́jọ́ kan nínú mẹ́rin kò lè rí i, bó ti wù kó lójú tó. Ìyàwó wa ni mo fẹ́ kó gba iṣẹ́ yìí: kó ṣílẹ̀kùn, kó dúró wò wọ́n kó tó bu oúnjẹ, kó fọ agbada omi, kó kó ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí àwọn ọmọ máa pọnmi fún un kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, kí Màmá má gbé korobá mọ́. Ìwọ ni kó máa gbé àpò oúnjẹ, kó máa kó ìgbẹ́ jáde, kó sì máa kà wọ́n nírọ̀lẹ́. Ẹ kó ìgbẹ́ náà jọ kó jẹrà dáadáa kó tó dé ìdí ẹ̀fọ́, torí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Bó bá sì jẹ́ ìyàwó wa ló ń jí sí iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kí owó ẹyin máa wọ̀. Kó ra oúnjẹ nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí èyí tó bá kù jẹ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí lè má bá ọ lára mu, ṣùgbọ́n rò ó dáadáa. Mi ò tíì rí ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ lójoojúmọ́ nítorí owó tí ẹlòmíràn yóò ná.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tí púpọ̀ nínú ogójì yẹn ṣì wà láàyè, a ó tún ọ̀rọ̀ igba sọ, n kò sì ní háwọ́. Ní báyìí, mo ti fi owó àjẹsára ránṣẹ́, pẹ̀lú owó wáyà tóóró tí ẹ máa fi dí ìsàlẹ̀ ilé yẹn kí ejò má ráàyè wọlé. Àkáǹtì ìyàwó wa ni mo san án sí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ